Òkété àti Lékeléke: Àfiwé Ẹran Inú Ihò àti Ẹyẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn ní Agbègbè Ìpógun

Ìfáàrà

Ìpógun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sì jìnnà sí Àkúrẹ́. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ agbègbè náà. Kòkó, ọ̀pẹ, iṣu, gbágùúdá àti àgbàdo ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn. Nínú irú oko bẹ́ẹ̀, ẹ̀dá méjì wà tí àgbẹ̀ kì í ṣàì mọ̀. Ọ̀kan kì í fẹ́ kí a rí òun: ihò rẹ̀ ní ìdí ọ̀pẹ àti ebè tí ó hú ní òru ni àgbẹ̀ ń bá ní òwúrọ̀. Èkejì kò fi ara pamọ́ rárá: bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, yóò máa rìn kiri ní funfun báláú lórí pápá, níbi tí a ti ń ṣán koríko tàbí níbi tí màlúù ti ń jẹ. Òkété ni ti àkọ́kọ́, lékeléke ni èkejì.

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ láti fi ẹranko méjì wé ara wọn ní kíláàsì ni pé kí olùkọ́ fa ilà sí àárín pátákó, kí ó kọ ‘ibi tí ó ń gbé’ sí òkè, kí ó wá kọ ‘inú ihò’ sí abẹ́ òkété, ‘etí odò’ sí abẹ́ lékeléke. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò dà á kọ, ìdánwò yóò sì béèrè rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àléébù ibẹ̀ ni pé ti lékeléke kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ òótọ́, ti òkété kò sì tó. Ikún ń gbé inú ihò, alákàn ń gbé inú ihò, ejò pàápàá a máa wọ ihò tí kò gbẹ́. Ibùgbé nìkan kò lè sọ ohun tí ó mú kí òkété jẹ́ òkété. Orúkọ pẹ̀lú a máa ṣi ènìyàn lọ́nà. Ohun tí ó yẹ kí àfiwé gbé kalẹ̀ ni bí a ti ṣe dá ara ẹranko àti bí ó ṣe ń fi ara náà wá oúnjẹ. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ibà Lassa ti ń pa ènìyàn, mímọ eku kan yàtọ̀ sí òmíràn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan.

Orúkọ àti Ìdílé Wọn

Yorùbá ka òkété mọ́ eku, ìrísí rẹ̀ sì ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ti yà á kúrò lára eku ilé. Ìdílé Muridae ni eku ilé wà; ìdílé Nesomyidae, èyí tí a kò lè bá níbòmíràn ju ilẹ̀ Áfíríkà àti erékùṣù Madagásíkà lọ, ni òkété wà. Olùkọ́ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti fi ìyàtọ̀ náà han akẹ́kọ̀ọ́. Òkété ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, níbi tí ó ń kó oúnjẹ sí. Eku ilé kò ní irú rẹ̀. Ìrù òkété dúdú láti ìdí dé nǹkan bí àárín, ó sì funfun láti ibẹ̀ dé ìparí, bí ẹni pé a kì í bọ ẹfun.

Ohun tí a ń pè ní òkété gan-an kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ní ọdún 2012, Ayodeji Olayemi ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí ó dá lórí agbárí àti ohun àjogúnbá inú ara òkété láti ibi púpọ̀ ní Áfíríkà. Ó hàn nínú iṣẹ́ náà pé irú òkété tí ó wà pọ̀ ju èyí tí a ti ń kà tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí ó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn ni a mọ̀ sí Cricetomys gambianus. Ti inú igbó, bíi ti Ìpógun, ni àwọn ìwé sábà máa ń pè ní Cricetomys emini.

Lékeléke ní tirẹ̀ wà nínú ìdílé Ardeidae, àwọn ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí wọ́n máa ń dúró nínú omi tí kò jìn láti ṣọ́ ẹja. Ní ọdún 1758 ni Linnaeus sọ ọ́ ní Ardea ibis. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ gbé e sí abẹ́ orúkọ mìíràn, Bubulcus, ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí ó jẹ mọ́ ẹni tí ń da màlúù. Kò sí orúkọ tí ó bá ìṣe rẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀. Ní àìpẹ́ yìí, àwọn tí ń ṣe àkójọ orúkọ ẹyẹ ní àgbáyé ti ń dá a padà sí Ardea. Orúkọ kò yí ìwà ẹyẹ padà, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí orúkọ méjì nínú ìwé méjì kò gbọdọ̀ rò pé ẹyẹ méjì ni.

Bí A Ti Ṣe Dá Ara Wọn

Bí a bá bi kíláàsì léèrè pé èwo ni ó wúwo jù nínú òkété àti lékeléke, ọ̀pọ̀ yóò dárúkọ lékeléke, nítorí pé ó ga, apá rẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bí àádọ́rùn-ún sẹ̀ntímítà nígbà tí ó bá nà án. Ṣùgbọ́n ẹyẹ náà kì í sábà wúwo ju ìdajì kílò lọ. Òkété tí ó ti dàgbà a máa wọn kílò kan tàbí kí ó lé, àwọn mìíràn a sì tó kílò kan àti ààbọ̀. Òkété kan lè wúwo ju lékeléke méjì lọ nígbà náà. Ohun tí ó fa èyí ni pé ẹni tí yóò fò kò gbọdọ̀ ru ẹrù: egungun lékeléke ní ihò nínú, ìyẹ́ ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí ojú ń rí lára rẹ̀. Òkété kò ní ohun tí ó ń bá afẹ́fẹ́ dù. Ilẹ̀ ni ó ń bá jà, iṣan apá àti èékánná ni ó sì fi ń jà á.

Ojú òkété kò dára. Òru ni ó ń jẹ̀, inú òkùnkùn ni ó sì ń sùn, nítorí náà imú àti etí ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Bí imú náà ti mú tó kò hàn sí ayé dáadáa títí di ìgbà tí ẹgbẹ́ APOPO bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹ̀yà òkété mìíràn, Cricetomys ansorgei, ní ìlú Morogoro ní orílẹ̀-èdè Tanzania, láti máa gbóòórùn àdó olóró tí ogun fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Wọ́n tún kọ́ wọn láti mọ itọ́ ẹni tí ó ní ikọ́ ìfe yàtọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Cambodia. Ó tọ́ka sí àdó olóró mọ́kànléláàádọ́rin, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà ti PDSA ní ọdún 2020. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹran tí à ń fín èéfín sí ní ihò ni ẹlòmíràn ń fún ní àmì ẹ̀yẹ.

Ojú ni lékeléke gbẹ́kẹ̀ lé ní tirẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ká bí ìwọ̀, egungun inú rẹ̀ sì tò lọ́nà tí ó fi lè na án lójijì bí ẹni ju ọ̀kọ̀. Gbogbo ìdílé Ardeidae ni a dá bẹ́ẹ̀, nítorí ẹja. Lékeléke ń fi ohun ìjà kan náà pa tata. Bí ó bá ń fò, yóò ká ọrùn náà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì nà sí ìsàlẹ̀ ìrù. Èékánná ìka àárín rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ bí ìyàrun, òun ni ó sì fi ń ya ìyẹ́ rẹ̀. Èékánná òkété ń hú ilẹ̀, ti lékeléke ń tún ara ṣe.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Oúnjẹ

Ibí ni àfiwé náà ti ní ẹran lára jù lọ. Lékeléke jẹ́ ọmọ ìdílé odò tí ó fi odò sílẹ̀. Ó lè jẹ àkèré àti ẹja kékeré bí ó bá rí i, ṣùgbọ́n tata, ìrẹ̀ àti eṣinṣin ni oúnjẹ rẹ̀, orí koríko gbígbẹ ni ó sì ti ń wá wọn. Bí màlúù bá ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa dá kòkòrò dìde nínú koríko. Lékeléke tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ yóò sì máa ṣa wọ́n. Ìwádìí ti fi hàn pé lékeléke tí ó ń tẹ̀lé màlúù ń rí ohun ọdẹ mú ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀, kódà ó lé díẹ̀, ju èyí tí ó ń dá jẹ lọ. Ó ń rí irú èrè kan náà lẹ́yìn katakata tí ń túlẹ̀, àmọ́ ó ní láti sáré díẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ìgbé ayé rẹ̀ kò fi so mọ́ màlúù pátápátá. Láti ìgbà tí òfin tí ó ka fífi ẹran jẹ̀ kiri léèwọ̀ ti jáde ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 2021, ẹni tí ó bá ń ṣọ́ lékeléke lè wò ó lẹ́yìn àwọn tí ń gé koríko ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eégbọn ara màlúù ni lékeléke ń wá. Ìgbàgbọ́ yìí wà nínú àwọn ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan pẹ̀lú, tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ àjọṣe tí ẹ̀dá méjèèjì ń jèrè. Lékeléke lè ṣa eégbọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó jẹ́ nínú oúnjẹ rẹ̀. Èrè ẹyẹ náà hàn kedere; ti màlúù kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí olùkọ́ fi í ṣe àpẹẹrẹ àjọṣe tí ẹnì kan ń jèrè, tí ẹnì kejì kò pàdánù nǹkan kan.

Òkété kì í tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Ẹyìn, ekùrọ́, àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ẹ̀pà, iṣu àti gbágùúdá ni ó ń kó, a sì máa jẹ kòkòrò àti ìgbín pẹ̀lú. Kì í jẹ gbogbo rẹ̀ níbi tí ó ti rí i. Yóò kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi wú, yóò sì gbé e lọ sí ihò. Ohun tí kò ṣeé jẹ pàápàá kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: a ti rí owó irin, ìdérí ìgò àti kálàmù nínú ibi tí òkété ń kó nǹkan sí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó kó pamọ́ ni ó ń padà wá jẹ. Nínú igbó Ngel Nyaki ní Ìpínlẹ̀ Taraba, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé àwọn òkété ń ru èso igi ńlá lọ bò mọ́lẹ̀ níbi tí ó jìnnà sí ìdí igi, díẹ̀ nínú wọn sì hù. Àgbẹ̀ tí ó sọ pé olè ni òkété kò parọ́, ṣùgbọ́n igbó ní tirẹ̀ gbà á bí ẹni tí ń gbìn.

Lékeléke náà ń gbé oúnjẹ lọ sílé, inú ọ̀nà ọ̀fun ni ó sì ń gbé e sí. Bí ó bá dé ìtẹ́, yóò pọ̀ ọ́ jáde fún ọmọ. Ẹ̀dá méjèèjì ni ó ní ibi tí ó ń gbé oúnjẹ sí nínú ara, ọ̀kan fún ọ̀la, ọ̀kan fún ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí kókó yìí fúnra rẹ̀ ti kọjá pátákó tí a fa ilà sí àárín.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba kòkòrò kan tí àwọn ọdẹ ń bá nínú irun òkété. Hemimerus ni orúkọ rẹ̀. Kò ní ìyẹ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran, kì í gbé ibòmíràn ju ara òkété àti ihò rẹ̀ lọ. Kì í mu ẹ̀jẹ̀. Èépá ara àti olú wẹ́wẹ́ tí ń hù sí awọ ni ó ń jẹ. Òkété tí kì í tẹ̀lé ẹnikẹ́ni ní ẹni tí ń tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí màlúù ti ní lékeléke.

Ihò àti Ìtẹ́

Ihò òkété kì í ní ẹnu kan. Ó ní yàrá ìsùn, ó ní àká, ó sì ní ojú ọ̀nà tí yóò bá sá bí ọdẹ bá fín èéfín wọlé láti iwájú. Inú ilẹ̀ tutù ní ọ̀sán nígbà tí oòrùn bá ń jó òkè, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹran tí kò fara da ooru. Ibẹ̀ ni abo rẹ̀ ń bímọ sí lẹ́yìn oyún nǹkan bí oṣù kan, tí ó sì ń dá tọ́ wọn. Nítorí ihò yìí ni iná ọdẹ fi ń gba oko olóko: iná tí a dá ní ẹ̀ẹ̀rùn láti lé òkété jáde kì í mọ ààlà oko kòkó.

Lékeléke kì í dá kọ́lé. Wọn a pé jọ sórí igi kan ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, igi náà a sì sábà wà nítòsí omi. Bóyá èyí nìkan ni ó kù nínú ìwà àwọn baba ńlá rẹ̀. Akọ àti abo jọ ń sàba, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni ẹyin fi ń pa. Ìgbẹ́ wọn a máa pa igi náà nígbà mìíràn.

Àwọn Méjèèjì ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Kò sí ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti hàn bíi ti Florida ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nítorí pé àwọn méjèèjì dé ibẹ̀. Lékeléke fi ìyẹ́ ara rẹ̀ kọjá Òkun Àtìláńtíìkì. A ti rí i ní gúúsù Amẹ́ríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1953, ó ti ń pamọ ní Florida. Àwọn ẹran ọ̀sìn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ ti pèsè ibi ìjẹ sílẹ̀ dè é. Òkété wọ ọkọ̀ lọ ní tirẹ̀, nínú àgò, gẹ́gẹ́ bí ẹran tí a ń sìn fún ìgbádùn. Àwọn kan bọ́ sí ìgbẹ́ ní erékùṣù Grassy Key ní nǹkan bí ọdún 1999, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí bí sí i, títí ìjọba fi dojú tàkúté àti májèlé kọ wọ́n. Ní ọdún 2003, ẹrù ẹranko kan tí ó ti Ghana dé Texas, tí òkété wà nínú rẹ̀, gbé àrùn tí à ń pè ní mpox lónìí wọ Amẹ́ríkà. Àwọn ajá pápá tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ó kó o ran ènìyàn. Ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta ni a kà mọ́ àwọn tí ó ní in tàbí tí ó jọ pé wọ́n ní in. Kò sí ẹni tí ó kú. Láti ìgbà náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ti dá kíkó irú ẹranko bẹ́ẹ̀ wọlé láti Áfíríkà dúró.

Eku Wo Ni Ó Ń Gbé Ibà Lassa?

Ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà yìí mọ̀, ní ìlú Lassa tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno báyìí. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń tọ́jú àwọn tí ó mú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ‘eku’ lórí rédíò, òkété ni ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ará oko, nítorí pé òun ni ó tóbi, òun ni a sì ń tà ní ẹ̀bá títì. Ẹni tí kò bá jẹ òkété mọ́ yóò wá rò pé òun ti bọ́.

Òkété kọ́ ni olórí agbébà. Mastomys natalensis ni, eku kékeré kan tí kì í sábà tó ọgọ́rùn-ún gíráàmù, tí ọmú rẹ̀ pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ó sì ń bímọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdílé eku ilé ni ó wà, kì í ṣe ti òkété. Ní ọdún 2016, Olayemi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé a rí kòkòrò àrùn náà lára ẹ̀yà eku kékeré méjì mìíràn, Mastomys erythroleucus àti Hylomyscus pamfi. Èyí tí ó léwu jù nínú ìwà Mastomys ni pé ó ń wọlé. Òkété kì í sábà wá sí yàrá ìdáná. Mastomys ń tọ̀ sórí gàárì tí a sá sí gbangba, ó ń wọ inú àpò ìrẹsì tí a kò dí lẹ́nu. Ibi tí ẹran náà ti ń wá oúnjẹ ni ó sọ ọ́ di ewu, bí kò tilẹ̀ tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà.

Èyí kò sọ òkété di ẹran tí a lè fi ọwọ́ lásán bó. Ọ̀rọ̀ ọdún 2003 tó láti kìlọ̀ fún ẹni tí ń pa á, tí ó sì ní egbò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá sọ fún ọmọ Ìpógun pé ‘eku ni ó ń fa Lassa’, tí kò sì sọ eku wo, ti fi ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó lọ ń ṣọ́ oko.

Òwe Wọn Nínú Kíláàsì

Àwọn Yorùbá a máa sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú òbí ni èyí, kò yẹ kí a gbé e lọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì bí ẹni gbé ẹ̀rí. Èyí tí ó ní ó di orí àtẹ kí òkété tó káwọ́ lérí yàtọ̀: ẹni tí ó bá ti rí òkété tí a fi iná yan, tí apá rẹ̀ ká sókè, mọ̀ pé ojú ni ó pa òwe náà.

Ti lékeléke ni ó dùn jù láti fi kọ́ni. Wọ́n ní lékeléke kì í yé ẹyin dúdú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyin náà kò funfun bí ti adìẹ, ó ní àwọ̀ ojú ọ̀run fẹ́ẹ́rẹ́ nínú. Ìyẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kì í funfun délẹ̀ ní gbogbo ìgbà: ní àkókò ìyẹ́yin, orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ a máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àgógó rẹ̀ a sì pupa. Púpọ̀ nínú àwọn lékeléke tí a ń rí ní ilẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń padà sí òkè ọya nígbà òjò láti lọ pamọ, nítorí náà funfun rẹ̀ ni ojú wa bá pàdé jù, funfun náà ni ó bọ́ sínú òwe, tí ó sì mú kí àwọn ọmọdé máa na èékánná sí i pé kí ó fún àwọn ní tirẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá padà láti ìsinmi ìparí ọdún, tí ó ní òun rí lékeléke kan tí orí rẹ̀ ti ń pọ́n, kí olùkọ́ béèrè ọjọ́ tí ó rí i, kí ó sì jẹ́ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.